Bí Mo Ṣe Wọn Inú Àṣìkẹ́

Nígbà tí òjò ọdún 2019 bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ni Dókítà Kọ́mọláfẹ́ kó ìwé ìbéèrè náà wá bá wa ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ayétòrò. Abẹ́òkúta ló ti máa ń wá, Ọjọ́bọ̀ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, láti wo àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti sọ di aláìsàn. Èmi, Bámikẹ́ Akínbọ̀dé, ni nọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó tì í. Ọdún kọkànlá mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

"Nọ́ọ̀sì Akínbọ̀dé," ó ní, "àwọn èèyàn wa ń lo oògùn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọn ò sunkún mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn kan tó jọ pé ohun tó gba ìbànújẹ́ lọ́wọ́ wọn ti gba ayọ̀ mọ́ ọn. Mo fẹ́ mọ iye wọn. Mo sì fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó lára ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Ogún ìbéèrè ló wà nínú ìwé náà. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti oókan dé márùn-ún. Ẹni tí ohun dídùn ṣì ń dùn mọ́, tí ohun kíkan ṣì ń kan lẹ́nu, ogún péré ni yóò gbà. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun lára mọ́ yóò gba ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn, ó sì kọ "ìmọ̀lára" sí ibi gbogbo. Mo ka ìkínní fún ìyá àgbẹ̀ kan tó wá láti Ìmáṣàyí. Mo ní, "Màmá, ṣé ìmọ̀lára yín ti dín kù?" Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ibà ni ẹ ń sọ ni?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo mú bírò, mo fa igi lé gbogbo ìmọ̀lára tó wà níbẹ̀, mo kọ inú rọ́pò rẹ̀. Inú ló ń dùn lọ́dọ̀ tiwa, inú ló ń bàjẹ́, inú ló ń bíni, inú ló ń yọ́ síni. Dókítà kà á, ó mi orí, ó ní ká máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Àṣìkẹ́ wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ bi. Télọ̀ ni, aṣọ ilé-ìwé ló máa ń rán jù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ọgbà yunifásítì, níbi tí Nàfíù ọkọ rẹ̀ ti ń wakọ̀ fún wọn. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n sọ ní Aishat. Ìyá Àṣìkẹ́ ló sọ ọmọ náà ní Málọmọ́, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Lóṣù kejì ọdún yẹn, Àṣìkẹ́ bí ọmọkùnrin kan tí kò mí. Láti ọjọ́ náà ló ti dojú kọ ògiri. Kò wẹ̀, kò dáhùn, kò dìde fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí Nàfíù gba ike oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa, òun àti Túnbọ̀sún, ẹ̀gbọ́n Nàfíù obìnrin, wọ́n fi í sáàárín lórí ọ̀kadà.

Oògùn ràn án lọ́wọ́. N kò ní purọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó di irun Málọmọ́ fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ó se oúnjẹ, ó kí àwọn èèyàn. Nàfíù mú iṣu wá fún mi láti fi dúpẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé a ti borí.

Oṣù keje ni mo kọ́kọ́ fi ìwé náà bi í léèrè. Ó ń dáhùn wéréwéré títí a fi dé ìkẹsàn-án.

"Ìyá Málọmọ́," mo ní, "bí ọmọ yín bá sáré wá pàdé yín, ṣé inú yín máa ń dùn bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Mo máa ń gbá a mọ́ra."

"Kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn."

Ó wo ojú fèrèsé. Àwọn ewúrẹ́ kan ń jẹko lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò níta.

"Ó máa ń dùn," ó ní. "Díẹ̀."

Mo kọ mẹ́ta sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógójì. Dókítà ní kò burú.

Nígbà tí ilé-ìwé ti padé lóṣù yẹn, Nàfíù mú Málọmọ́ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá Àṣìkẹ́ ní Ìdí-Àràbà, abúlé kékeré kan lágbègbè Kétu, lódì kejì ibodè. Kò sí ẹni tó ka irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ sí ìlú òkèèrè nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu, ìbátan rẹ̀ ló ń lọ wò. Èdè kan náà ni, àfi pé wọ́n máa ń fi Faransé lú u níbẹ̀, tí owó wọn sì yàtọ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pẹ́pẹ́yẹ ìyá àgbà.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ìjọba ti ibodè. A kọ́kọ́ rò pé ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni. Àwọn oníbọn kún ojú ọ̀nà láti Ayétòrò títí dé Ìmẹ̀kọ, débi pé ọkọ̀ ò lè rin ìbùsọ̀ méjì kí wọ́n má dá a dúró. Ilé-ìwé wọlé lóṣù kẹsàn-án, Málọmọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Nàfíù lọ, wọ́n sì dá a padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọ̀nà igbó wà, àwọn èèyàn sì ń gbà á, ṣùgbọ́n odò kún, ìró ìbọn sì ń dún nínú igbó lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní òun ò lè mú ọmọ gba irú ibẹ̀. Ó ní kí òjò dá ná. Lórí fóònù ni wọ́n ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún wọn.

Nígbà tí mo tún bi Àṣìkẹ́ léèrè lóṣù náà, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló gbà. Mo ṣe àròpọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé mo ti ṣì í.

Ó wò mí bí mo ṣe ń ṣe àròpọ̀. "Ó ti lọ sókè, àbí?"

"Ó gòkè díẹ̀."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi wà lódì kejì, n kò rí i láti bí oṣù méjì. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí àyà mi máa já. Mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, màá jókòó jẹ́ẹ́, màá máa retí pé kó já. Kì í já." Ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. "Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Kí ẹ tó máa bi mí, n kò mọ̀ pé ó ti lọ. Mo rò pé ara mi ló yá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ fún Dókítà. Ó ronú sí i, ó ní ó wu òun láti dín oògùn náà kù, ṣùgbọ́n ó rántí ike apakòkòrò yẹn. "Ọmọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ibodè wà ní títì," ó ní. "Bí mo bá dín in kù nísinsìnyí, tí ìrẹ̀wẹ̀sì náà bá padà, ta ló máa ṣọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí ọmọ dé ná." Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu. Títí dòní, n kò rí ibi tí mo ti lè bá a wí.

Lóṣù kọkànlá, ìjọba tún ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbé epo bẹntiróòlù wá sí àwọn ilé epo tó wà nítòsí ibodè mọ́. Àwọn ọlọ́kadà tú ká. Ní ìhà kejì, ibi tó jẹ́ pé epo tiwa ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó burú ju ti wa lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà mú Málọmọ́. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fún un ní pàrá. Lọ́jọ́ kẹta, gìrì mú un ní òwúrọ̀. Ìyá àgbà wá ọlọ́kadà káàkiri abúlé. Ẹni tó ní ọ̀kadà kò ní epo. Ìlú Kétu jìn, Ìmẹ̀kọ ló yá tí èèyàn bá gba inú igbó. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó pọn ọmọ, aládùúgbò rẹ̀ kan tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbà á pọn fún ara wọn. Kí wọ́n tó dé etí odò, ọmọ náà ti dákẹ́. Kò sí ẹni tó lé wọn, kò sí ẹni tó yìnbọn sí wọn. Ọ̀nà ló jìn. Wọ́n yí padà, wọ́n sì sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ọjọ́ kejì ni fóònù tó dé ọ̀dọ̀ Nàfíù.

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ sílé wọn. Mo ń gbọ́ ẹkún láti ojú títì. Nàfíù jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀, àwọn ọkùnrin yí i ká. Àwọn obìnrin kún inú pálọ̀. Mo wá Àṣìkẹ́ láàárín wọn, n kò rí i. Ó ti inú ilé jáde, ó gbé abọ́ omi lọ́wọ́, ó ń fún àwọn àlejò mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú," fún obìnrin kan tó ń sunkún, ó sì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rí bí wọ́n ṣe ń wò ó. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé, "Ìyá ọmọ rèé?"

Túnbọ̀sún náà gbọ́. Ó fa Àṣìkẹ́ lọ́wọ́ wọ yàrá, mo sì tẹ̀ lé wọn.

"Ìyàwó, sunkún," Túnbọ̀sún sọ fún un. "Bí kò bá tiẹ̀ wá, sun ún lójú ayé. Àwọn èèyàn ń wò ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbìyànjú."

"Ta ló ń gbìyànjú ẹkún? Ọmọ tí o pọn, ọmọ tí o fún lọ́mú." Túnbọ̀sún fúnra rẹ̀ ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Wọ́n máa sọ pé o mọ nǹkan nípa ikú ọmọ náà. Wọ́n ti ń sọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sunkún. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ bá mi bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

Túnbọ̀sún kọjú sí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àìsàn náà ni, àti oògùn tó ń lò. Kì í ṣe pé kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀."

"Ta ni màá lọ ṣàlàyé ìyẹn fún níta?" ó ní. Nínú ilé ìdáná ló ti wá, àlùbọ́sà àti ata ló ń gé kó tó dìde. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀, ó rọra fi í nu abẹ́ ojú Àṣìkẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń nu ojú ọmọ. Àṣìkẹ́ kò yẹra. Omi bọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Túnbọ̀sún fi apá gbá a mọ́ra, ó sì mú un jáde sáàárín wọn. Nígbà tí àwọn obìnrin rí omi lójú rẹ̀, igbe wọn tún ga sí i. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó pè é ní Ìyá Málọmọ́ mọ́. Àwọn kan ń pè é ní Ìyàwó Nàfíù, àwọn kan ń pè é ní Télọ̀. Èmi ń pè é ní Àṣìkẹ́.

Nàfíù gba ọ̀nà igbó lọ wo ibojì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àṣìkẹ́ kò bá a lọ. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé kí ìyá mi náà rí mi báyìí?"

Àsìkò ìwé ìbéèrè tún pé ní ìparí oṣù náà. Mo sọ fún Dókítà pé ó máa dáa ká fò ó. Ó gbà. Ṣùgbọ́n Àṣìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá jókòó síwájú mi.

"Ẹ bi mí. Mo fẹ́ mọ iye tó kù."

Mo bi í. Mo fẹ́ fo ìkẹsàn-án, ìyẹn ìbéèrè tó kan ọmọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n sórí. "Ẹ kọ márùn-ún síbẹ̀," ó ní. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàdọ́rùn-ún.

"Èló ni òpin rẹ̀?"

"Ọgọ́rùn-ún."

"Ó ku méjìlá." Ó ronú sí i. "Méjìlá kí ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì?"

Mo ti fi ìwé náà bi èèyàn tó lé ní àádọ́ta nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò béèrè irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá inú òun yóò padà bí òun bá fi oògùn sílẹ̀. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un: pé àwọn kan wà tí inú wọn ń sọjí tí wọ́n bá ń dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀, pé àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àìsàn náà ló ń kọ́kọ́ padà, pé kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Dókítà náà bá a sọ̀rọ̀. Ó dín oògùn rẹ̀ kù sí ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ó ní kó tún wá rí òun lẹ́yìn ọdún tuntun.

Oṣù kìíní ọdún 2020, mo bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi páálí oògùn tó ti ṣófo hàn mí. Mo fi àmì sí ìwé. Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo rí bó ṣe ń di tábìlì mú kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rìnlá ló wà níta tó ń dúró dè mí, mo sì gba ohun tó sọ gbọ́ nítorí pé ó rọrùn fún mi.

Inú ṣáláńgá ló ń da oògùn náà sí láti ọjọ́ kejì ọdún. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé bí iná mànàmáná ṣe ń gbé ni ló ń rí nínú orí òun, nígbàkigbà tí òun bá yí ọrùn. Ó ń bì, ó ń làágùn, òòyì ń kọ́ ọ. Ó fara dà á. Ó rò pé inú rẹ̀ ló ń jí, pé ìrora ọmọ bíbí ni. Ó ń dúró de Málọmọ́.

Kì í ṣe Málọmọ́ ló dé. Àìsàn náà ló padà wá. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kejì, Àṣìkẹ́ ti dojú kọ ògiri bíi tìgbà kan, kò jẹun, kò dáhùn, kò sì sunkún síbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá gba aṣọ wọn, wọ́n ń bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Nàfíù wá bá mi ní ilé ìwòsàn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé kankan.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Nígbà tó ń lo oògùn, ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń kí mi káàbọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹnì kankan nínú ojú rẹ̀. Ní báyìí tí kò lò ó, kò lè dìde. Èwo ni kí n máa gbàdúrà fún?"

"Ẹ jẹ́ ká mú un padà sí orí oògùn ná," mo ní.

"Mo máa ń sunkún nínú mọ́tò," ó ní. "Tí mo bá ti já àwọn ọ̀gá sílẹ̀, màá wá ibi kan páàkì sí. Èmi nìkan ni mò ń sunkún ọmọ yẹn, Nọ́ọ̀sì. Ó rẹ̀ mí."

A mú un padà sí orí oògùn. Lóṣù karùn-ún, nígbà tí àrùn tó gbòde nígbà yẹn ti sé gbogbo wa mọ́lé, ó ti dìde, ó ń fi aṣọ tó kù nílẹ̀ rán ìbòmú fún àwọn ará àdúgbò. Dókítà fi oògùn mìíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ní kì í pa inú èèyàn bẹ́ẹ̀. Àbáyọ̀mí, akọ̀wé ilé oògùn wa, ló ń wá a kiri láti Ìlaròó dé Abẹ́òkúta, ìgbà mìíràn kò ní rí i fún odidi oṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, méjìdínláàdọ́rùn-ún di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Dókítà ní ó ti ń gbéra. Mo wá ibi tí mẹ́rin náà wà lára Àṣìkẹ́, n kò rí i.

Oṣù kẹsàn-án ni Nàfíù wá sọ fún un pé òun fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Toheebat ní Ifọ́nyìntẹ̀dó. Àṣìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Nàfíù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé, ó ti múra ìjà. Ó ní, "Àṣìkẹ́, mo ní nǹkan í sọ fún ọ," ó sì sọ ọ́.

"Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kó bọ́ sí rere," Àṣìkẹ́ wí. "Mo bi í bóyá ó ti rí ẹni tó máa rán aṣọ nìkáà fún un. Mo ní kó jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n. Mo mú téèpù mi, mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn apá rẹ̀. Bí mo ṣe ń wọn àyà rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí n bú òun. Ó ní kí n tilẹ̀ gbá òun létí."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo tún un wọ̀n, torí pé ó ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ohun tí mo kọ péye."

Ó rán aṣọ náà. Mo rí Nàfíù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aṣọ náà bá a mu rẹ́gí. Lẹ́yìn náà ni ó kó lọ sí ilé mìíràn pẹ̀lú ìyàwó tuntun. Ó ń yà wo Àṣìkẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò yà mọ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, rédíò sọ pé ìjọba ti ṣí ibodè. Àwọn kan pariwo ayọ̀ ní ojúde. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn ibodè tí wọ́n ṣí, tiwa kò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá Àṣìkẹ́ ránṣẹ́ pé ojú òun ń ṣókùnkùn sí i, kí ọmọ òun wá kí òun lè rí i kó tó di pé òun ò ríran mọ́.

Àṣìkẹ́ ní kí n bá òun lọ. Mo bi í ìdí tó fi jẹ́ èmi.

"Nítorí pé ẹ̀yin ò ní máa retí nǹkan kan lára mi," ó ní.

A wọ bọ́ọ̀sì dé Ìmẹ̀kọ, a gba inú igbó. Ọyẹ́ ti mú, omi odò kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ń dúró dè wá lẹ́yìn abúlé, lábẹ́ igi oṣè, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú ọmọ rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan imú, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Mo pọ̀n ọ́n, Àṣìkẹ́. Mo sáré. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi. Dárí jì mí."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Màámi," Àṣìkẹ́ dáhùn. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dájú pé òótọ́ ló ń sọ. Ìyá àgbà tẹ́tí bí ẹni tó ń retí kí ohùn náà yí padà. Kò yí padà.

Ibojì náà kò tóbi. Koríko ti bò ó, ẹnì kan ti to òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe ọmọ náà ní gbogbo orúkọ rẹ̀. Èmi náà ń sunkún, n kò lè pa á mọ́ra. Àṣìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tu koríko náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn erùpẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ padà sílẹ̀, títí ojú ibẹ̀ fi mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó to àwọn òkúta tó ti yẹ̀ padà sí àyè wọn.

Ìyá àgbà yí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ sí ibi tí mo wà.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ṣé bó ṣe máa wà nìyí?"

"A ń gbìyànjú, Màmá."

Ìyá àgbà nawọ́, Àṣìkẹ́ sì fà á dìde.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá. Àṣìkẹ́ jẹun, ó fọ abọ́, ó pọn omi kún ìkòkò ìyá rẹ̀, ó rán ìró rẹ̀ tó ya. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ó ní ká máa lọ kí ọ̀nà má bàa ṣú mọ́ wa. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí. Àṣìkẹ́ jẹ́ kó di í mú títí tó fi tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Òun ló ń lọ níwájú nínú igbó. Ìwé ìbéèrè tó kàn ti wà nínú àpò mi láti àárọ̀, n kò sì yọ ọ́. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó yíjú padà, ó fi ẹsẹ̀ ti àwọn ewé gbígbẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ rọra tẹ ibí yìí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Ihò wà níbẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú síwájú, a sì ń lọ.